Tí Ìgò Alákùkọ Bá Tán: Kí Ni Ká Fi Dípò Sriracha Nílé Ìdáná?

Ọmọ mi kejì ló kọ́kọ́ mọ̀ pé sriracha wa, ata pupa inú ìgò tí wọ́n ya àkùkọ sí lára, ti tán. Ó dorí ìgò náà kodò sórí àwo indomie rẹ̀, ó fún un títí, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde, pẹ̀lú irú ìró tó máa ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín. Ọdún 2022 ni, nílùú Houston. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé n ó ra òmíràn tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́la. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà tó wà lójú títì Bellaire, orí pẹpẹ tí wọ́n máa ń to ìgò onídèérí àwọ̀ ewé yẹn sí ti ṣófo. Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn pé oníbàárà kan kò gbọdọ̀ rà ju ìgò kan lọ. Ìgò kan ọ̀hún gan-an kò sí.

Mo wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá á ṣe. Mo ní kí lẹni tó ní rodo nílé fẹ́ fi ata ìgò ṣe? Mo yà sójú Bissonnet, mo ra rodo, mo lọ mẹ́rin kúnná, mo pò ó mọ́ mayonnaise, mo gbé e fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi jẹ ọ̀dùnkún díndín. Ọmọ aládùúgbò wa kan ló kọ́kọ́ ti ọ̀dùnkún bọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, etí rẹ̀ pọ́n, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nímú rẹ̀. Ife mílíìkì méjì ló mu kó tó lè sọ̀rọ̀. (Mílíìkì lẹ gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ata bá ta, kì í ṣe omi. Èròjà tó ń ta nínú ata kì í yòrò nínú omi. Ẹ kàn máa fi omi tàn án káàkiri ẹnu ni.)

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣìnà. A rí ọ̀rọ̀ náà “ata”, a rò pé títa niṣẹ́ rẹ̀. Sriracha kì í fi bẹ́ẹ̀ ta. Lórí òṣùwọ̀n bí ata ṣe ń ta sí, tí Wilbur Scoville, apòògùn ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1912, sriracha wà láàárín nǹkan bíi 1,000 sí 2,500. Rodo wà láàárín 100,000 sí 350,000. Ẹni tó bá fi rodo dípò sriracha ní ṣíbí kan sí ṣíbí kan ti kúrò nídìí oúnjẹ sísè, ìyà ló ń fi jẹ èèyàn.

Ohun tó wà nínú ìgò

Ẹ yí ìgò náà padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ata jalapeño tó ti pọ́n, ṣúgà, iyọ̀, aáyù, fínígà, àti àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, pẹ̀lú xanthan gum tó ń mú un ki. Nínú ṣíbí tíì kan, tó jẹ́ gíráàmù 5, gíráàmù 1 jẹ́ ṣúgà. Ẹ rántí iye yẹn, a máa padà sórí ẹ̀.

Iṣẹ́ márùn-ún ni sriracha ń ṣe nínú oúnjẹ: ó ń ta díẹ̀, ó ń dùn, ó ń kan, ó ń gbé òórùn aáyù wá, ó sì ki débi pé kì í ṣàn kúrò lórí ohun tí ẹ bá tò ó sí. Kò sí ìgò kan lọ́jà tó ń ṣe márààrún bó ṣe ń ṣe é. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá bi mí pé kí lòun lè fi dípò sriracha, èmi náà á bi í pé: kí lẹ fẹ́ sè? Nínú ọbẹ̀ olómi, kíki rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nínú mayonnaise, kíki ló ṣe pàtàkì jù. Nínú ohun tí ẹ fẹ́ fi pa adìẹ lára kí ẹ tó yan án, ṣúgà rẹ̀ ló ń jẹ́ kára adìẹ náà pọ́n kó sì máa dán.

Orúkọ náà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ alákùkọ o. Si Racha jẹ́ ìlú etíkun kan ní ìpínlẹ̀ Chonburi, lápá ìlà oòrùn Bangkok ní Tháílándì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣe irú ata yìí tipẹ́. Ẹni tó ṣe ti alákùkọ ni David Tran, ọmọ Ṣáínà tí wọ́n bí sí Vietnam. Ó sá kúrò níbẹ̀ ní ìparí ọdún 1978 nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Huey Fong. Ìgbà tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 1980, orúkọ ọkọ̀ yẹn ló fi sọ ọ́: Huy Fong Foods. Ọdún 1945 ni wọ́n bí i, ọdún àkùkọ sì ni nínú kàlẹ́ńdà àwọn ará Ṣáínà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àkùkọ fi wà lára ìgò.

Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ará Irwindale, níbi tí ilé iṣẹ́ náà wà ní Kalifọ́níà, fẹjọ́ sùn lọ́dún 2013 pé òórùn ata ń ta àwọn lójú, débi pé ìjọba ìlú náà gbé e lọ sílé ẹjọ́, mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti dín ata nínú yàrá kan tí kò ní ju fèrèsé kan lọ, tí aago iná ń ké lórí mi, ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Kí ló wá fà á tó fi ń wọ́n? Fún ọdún 28, oko kan ṣoṣo, Underwood Ranches, ló ń gbin ata tí Huy Fong ń lò. Ìjà dé láàárín wọn lẹ́yìn ìkórè ọdún 2016. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ní 2019 ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ (jury) ní kí Huy Fong san dọ́là mílíọ̀nù 23.3 fún oko náà. Láti ìgbà ìjà náà ni ilé iṣẹ́ ti ń wá ata kiri, tí wọ́n gbára lé Mẹ́síkò gan-an. Ọ̀dá mú ní Mẹ́síkò, ata kò tó ní 2022. Ní 2024, ata dé, àmọ́ kò pọ́n tó, àwọ̀ rẹ̀ kò pupa bí wọ́n ṣe fẹ́, ni wọ́n bá tún dá iṣẹ́ dúró fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹni tó bá fọkàn sí ìgò kan ṣoṣo á tún rí orí pẹpẹ tó ṣófo lọ́jọ́ kan.

Ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Èyí ni bí mo ṣe rí wọn lẹ́nu mi. Sriracha alákùkọ ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n.

| Ata | Títa | Dídùn | Kíkan | Aáyù | Bó ṣe ki sí |
|---|---|---|---|---|---|
| Sriracha alákùkọ | díẹ̀ | ó dùn | díẹ̀ | ó pọ̀ | ó ki, ó sì jọ̀lọ̀ |
| Sriracha ti Tháílándì | díẹ̀ | ó dùn jù ú lọ | ó kan jù ú lọ | díẹ̀ | ó ṣàn |
| Chili garlic | ó jù ú lọ díẹ̀ | kò sí | díẹ̀ | ó pọ̀ | ó ní kóró |
| Sambal oelek | ó jù ú lọ díẹ̀ | kò sí | díẹ̀ | kò sí | ó ní kóró |
| Gochujang | díẹ̀ | ó dùn | díẹ̀ | kò tó nǹkan | ó ki bí àmàlà rírọ̀ |
| Tabasco | ó jù ú lọ | kò sí | gan-an | kò sí | omi lásán |
| Frank's RedHot | kò tó o | kò sí | gan-an | díẹ̀ | ó ṣàn |
| Sweet chilli | kò tó nǹkan | bí oyin | díẹ̀ | díẹ̀ | ó ń fà |
| Rodo lílọ̀ | ẹ má wulẹ̀ bèèrè | kò sí | kò sí | kò sí | bí ẹ bá ṣe lọ̀ ọ́ |

Àwọn tó sún mọ́ ọn jù

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fẹ́ rà, tí ẹ kò fẹ́ ronú jìnnà, ẹ ra chili garlic. Inú ike onídèérí ló máa ń wà, ata àti aáyù tí wọn kò lọ̀ kúnná, tí kóró ata ṣì hàn nínú rẹ̀. Ohun méjì péré ló yà á sọ́tọ̀ sí sriracha: kò ní ṣúgà, kò sì jọ̀lọ̀. Ṣúgà rọrùn. Ṣé ẹ rántí gíráàmù 1 nínú ṣíbí tíì kan? Ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ ṣíbí tíì mẹ́ta, gíráàmù 3 ṣúgà nìyẹn. Ṣíbí ìjẹun chili garlic kan, ẹ da ṣúgà ṣíbí tíì kan tí kò kún dé etí sí i, ẹ rò ó pọ̀ kó yòrò. Ó parí. Tí kóró yẹn bá ń dà yín láàmú, ẹ rọ ọ́ gba inú asẹ́ tíì, àmọ́ nínú ìrẹsì díndín tàbí indomie, ta ni yóò mọ̀?

Sambal oelek kò jìnnà sí i. Ti Indonéṣíà ni, ọ̀rọ̀ oelek náà sì wá láti ara ọlọ òkúta àti ọmọ ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata níbẹ̀. Ata, iyọ̀, fínígà díẹ̀, ó tán. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju chili garlic lọ nínú ohun tí mo bá fẹ́ sè pẹ́, torí pé aáyù tútù tí mo bá rin sí i fúnra mi máa ń dùn ju aáyù tó ti pẹ́ nínú ike. Hóró aáyù kan kékeré fún ṣíbí ìjẹun sambal kan, àti ṣúgà bíi ti òkè yẹn.

Ìkìlọ̀ kan rèé tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní 2022. Sambal àti chili garlic tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, Huy Fong kan náà ló ń ṣe wọ́n, ata kan náà ni wọ́n sì fi ń ṣe wọ́n. Ọjọ́ tí ata bá wọ́n wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pòórá lẹ́ẹ̀kan. Mo kúrò nídìí pẹpẹ sriracha, mo lọ sídìí pẹpẹ sambal, òfìfo kan náà ni mo bá. Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára ìgò kí ẹ tó gbà pé ẹ ti rí arọ́pò.

Oko Underwood náà ti ń ṣe sriracha tirẹ̀ báyìí, dírágónì ló yà sára ìgò. Ẹni tó bá ní àkùkọ ti ayé àtijọ́ dùn ju ti ìsinsìnyí lọ, kó tọ́ ti dírágónì wò, nítorí oko tó ń kún inú ìgò àkùkọ nígbà yẹn ló ni ín. Sriraja Panich ti Tháílándì ńkọ́? Ó dára, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ó ṣàn, ó sì dùn. Ẹ fi jẹ ẹja díndín, edé tàbí ẹyin díndín, ẹ ó mọ ìdí tí àwọn ará Si Racha kò fi ra ti àkùkọ. Ẹ má fi sínú mayonnaise, yóò sọ ọ́ di omi.

Gochujang, ata tí mo kọ́kọ́ kórìíra

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n lọ ra gochujang, ata pupa àwọn ará Kòríà. Mo dé ilé, mo ṣí ike rẹ̀, mo fi ṣíbí bù ú bí ẹni bu sriracha, mo tò ó sórí ẹyin díndín. Òórùn tó kọ lù mí! Mo gbé e sẹ́nu, iyọ̀ àti dídùn àti nǹkan mìíràn kan tí mi ò rí orúkọ fún ló lẹ̀ mọ́ mi lókè ẹnu. Mo gbé ike náà ti sẹ́yìn fíríìjì, mo sì bú ọ̀rẹ́ mi nínú ọkàn mi.

Oṣù bíi méjì ni ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo ka ohun tí wọ́n fi ṣe é ni mo tijú. Ata gbígbẹ gígún, ìrẹsì tó máa ń lẹ̀, iyọ̀, àti ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ti jẹ́ kó kan. Ẹ̀wà tí wọ́n sè tí wọ́n sì jẹ́ kó kan! Ta ló bí irú wa bí kì í ṣe ọ̀nà yẹn? Èmi tí mo dàgbà nílé tí irú ń run láti ìta, èmi ni mo ń yímú sí gochujang. Ẹnikẹ́ni nínú wa kì í bu irú tútù sórí ẹyin. Inú ọbẹ̀ ni irú ń gbé, nínú epo tó gbóná, ibẹ̀ ló ti ń di aládùn. Bí gochujang náà ṣe rí nìyẹn.

Nítorí náà: ẹ má fi ṣe ata ìtòlé bó ṣe wà nínú ike. Ẹ dà á sínú òróró gbígbóná pẹ̀lú aáyù, ẹ dín in fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó da ìrẹsì tàbí indomie lé e. Tàbí kí ẹ pò ó: ṣíbí ìjẹun gochujang kan, fínígà ṣíbí tíì kan, omi gbígbóná ṣíbí tíì kan, aáyù rírin díẹ̀. Ohun tó máa jáde á ki bíi sriracha, á sì dán lára adìẹ yíyan ju sriracha lọ fíìfíì. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì kó o jẹ. Fún apá adìẹ yíyan, gochujang ni mo ń lò, ì báà jẹ́ pé àkùkọ kún ilé.

Ohun méjì lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ó níyọ̀, nítorí náà ẹ dín iyọ̀ oúnjẹ kù. Sóyà wà nínú rẹ̀, àlìkámà sì wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba ọ̀kan nínú méjèèjì kó ka ẹ̀yìn ike dáadáa.

Àwọn olómi

Tabasco ti wà láti 1868, Avery Island ní Louisiana ni wọ́n ti ń ṣe é, inú àgbá igi oaku ni wọ́n ń fi ata náà sí tó lè pẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n fínígà ló kọ́kọ́ wà nínú orúkọ èròjà rẹ̀, kì í ṣe ata. Mo dà á sínú ìrẹsì díndín lọ́jọ́ kan bí mo ṣe máa ń da sriracha, gbogbo ìkòkò náà sì rọ̀ pọ̀jọ̀pọ̀jọ̀. Ibi tó ti yẹ ni inú ọbẹ̀ olómi, bíi phở àwọn ará Vietnam tàbí ọbẹ̀ ata ẹran tiwa (pepper soup), ẹ kàn kán an sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹyin náà gbà á.

Frank's RedHot kò ta tó o, nǹkan bíi 450 péré lórí òṣùwọ̀n Scoville. Bọ́tà yíyọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ bi àwọn ará Buffalo, ìlú kan ní New York tí wọ́n ti ń fi méjèèjì pa apá adìẹ díndín lára. Fún ọmọ kékeré tó fẹ́ ṣe bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ló dára jù.

Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí kò sí ohun mìíràn nílé, ẹ ṣe èyí: ketchup ṣíbí tíì méjì, Tabasco tàbí Frank's ṣíbí tíì kan, aáyù rírin tàbí aáyù lẹ́búlẹ́bú. Ketchup mú ṣúgà àti kíki wá, ata ìgò mú títa àti kíkan wá. Kò dùn tó o. Nínú mayonnaise, ó máa kọjá.

Sweet chilli? Ṣúgà ni wọ́n ń tà fún yín. Ó dára fún spring roll.

Ata tiwa

Àbúrò mi obìnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni sriracha? Ìwé oúnjẹ tí mo ń wò lórí fóònù ní kí n bu ṣíbí mẹ́ta, mo dé súpámákẹ́ẹ̀tì, owó tí wọ́n pè é, mo dá ìgò padà sórí pẹpẹ jẹ́jẹ́.” Mo ní kó má dà á láàmú, kó lọ sí Bódìjà.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà fún mi. Kì í ṣe rodo ló yẹ kí n ronú kàn lọ́jọ́ ọ̀dùnkún díndín yẹn. Tàtàṣé ni. Tàtàṣé ní ẹran lára, ó ní dídùn tirẹ̀, ó pupa fòò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ta. Ṣọ̀ǹbọ̀ ló máa mú títa wá. Èyí ni mo sọ fún un: tàtàṣé ńlá mẹ́ta, ṣọ̀ǹbọ̀ méjì, aáyù hóró mẹ́rin. Kó sun wọ́n lórí iná títí èèpo tàtàṣé á fi máa dúdú, kó bó o, kó yọ kóró rẹ̀. Kó lọ gbogbo rẹ̀ kúnná pẹ̀lú fínígà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ṣúgà ṣíbí ìjẹun kan àbọ̀, àti iyọ̀ ṣíbí tíì kan. Kó má bu omi sí i. Kó wá gbé e ka iná kékeré, kó máa rò ó títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí bá kọjá lórí ìdí ìkòkò, ojú ọ̀nà ṣíbí á hàn fún ìgbà díẹ̀ kó tó pa dé.

Ibi tó kẹ́yìn yẹn ló ṣòro fún un. Ó pè mí lórí fídíò, ó gbé fóònù sókè ìkòkò, ooru bo ojú fóònù, mi ò rí nǹkan kan. “Ó ti gbẹ, àbí kò tíì gbẹ?” Mo ní kó bu díẹ̀ sórí àwo, kó dá àwo náà dúró. Ata náà sọ̀ kalẹ̀ bí omi. Kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún bù ú, ó tún dá àwo dúró, èyí lẹ̀ mọ́ àwo bí ẹni pé ó ti ń gbébẹ̀. Ó ní òun ti fi jẹ dòdò tán kí òun tó rántí ìwé oúnjẹ náà.

Tí ẹ bá ní rodo nìkan, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìdajì rodo kan tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀ ló tó fún tàtàṣé mẹ́ta. Òórùn rẹ̀ á hàn, òórùn èso díẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò burú rárá lára ẹja. Ata díndín tó ń rìn nínú òróró, tí àwọn oníbùkà ń bù sórí ìrẹsì, iṣẹ́ mìíràn ni ti ìyẹn. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú mayonnaise, òróró ya lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mayonnaise ya lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, bí ọkọ àti ìyàwó tó ń bínú síra wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é látìbẹ̀rẹ̀

Ata tí ẹ lè fi ṣe é ní Amẹ́ríkà ni jalapeño pupa tàbí Fresno. Gíráàmù 450, ẹ gé orí rẹ̀ kúrò, ẹ lọ̀ ọ́ gbàràgàdà pẹ̀lú aáyù hóró mẹ́fà, ṣúgà ṣíbí ìjẹun méjì àti iyọ̀ gíráàmù 13. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ ata kan ojú lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè ìdí. Ẹ dà á sínú ìgò onígíláàsì tó mọ́, kó má kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ dé e lórí láì fún un pa, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kì í dé. Ẹ máa rò ó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Yóò máa hó wẹ́wẹ́, òórùn rẹ̀ á yí padà láti ti ata tútù sí ti ohun tó ti kan. Bí ojú rẹ̀ bá bu, tó hu irun funfun tàbí dúdú, ẹ dà á nù, ẹ má ha á.

Mo ní ẹ má fún ìdérí pa. Èmi fún un pa. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ń bá màmá mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò, mo fẹ́ fi ìgò náà hàn wọ́n, mo yí ìdérí rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ata fò dé òkè àjà. Màmá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Ṣé ògì lo ń rẹ ni, tó o fi dé e pa báyẹn?” Wọn kò mọ sriracha, àmọ́ wọ́n mọ ohun tó ń kan. Àbàwọ́n rẹ̀ ṣì wà lókè àjà wa títí di òní.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ da fínígà ìwọ̀n mílílítà 120 sí i, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ sè é lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Òórùn rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti inú ìgò oníke lọ. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni. Tí àlejò bá ń bọ̀ lálẹ́ òní, ẹ padà sídìí chili garlic.

Àkùkọ ti padà sórí pẹpẹ lójú Bellaire báyìí, mo sì ti ra ìgò kan. Ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike gochujang àti ìgò tàtàṣé tí mo ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Lánàá, ọmọ mi kejì ṣí fíríìjì, ó dúró níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó wá bi mí pé, “Mọ́mì, èwo ló dáa jù fún indomie?” Mo ní kó ti ilẹ̀kùn ná.